Onídìrí Inú Wáyà

Nígbà tí mo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo ń yan irun tí wọ́n máa dì sí mi lórí, Pọtakọ́ọ̀tù ni à ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé Pọtakọ́ọ̀tù tí ẹ mọ̀ lónìí ni mo ń sọ, èyí tí mọ́tò kún gbogbo títì rẹ̀, tí òórùn bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan ń gba imú èèyàn nírọ̀lẹ́. Rárá o. Ogun abẹ́lé ti kọjá lórí tiwa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ìjọba sì kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Èkó pé kí wọ́n lọ ṣí wọ́ọ̀fù, ibùdókọ̀ ojú omi, padà. Nígbà tó débẹ̀ tó rí i pé ìbọn ò dún nítòsí mọ́, ó ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó máa kó àwa ọmọ bọ̀.

Kọ́tásì tí wọ́n fún wa wà lójú ọ̀nà Rumuomasi. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀: ọlọ́pàá, àwọn ará pósófíìsì, àwọn ará wọ́ọ̀fù bíi bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde kúrò ní kọ́tásì báyìí, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn. Ẹ máa rí pátákó télọ̀ tí wọ́n ya ẹ̀rọ ìránṣọ sí lára, télọ̀ fúnra rẹ̀ ò sí. Ajá ń rìn kiri, kò sẹ́ni tó ń pè é. Ẹ lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò kan títí dé òpin rẹ̀ kí ẹ má gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́.

Inú wáyà ni ẹkún ọmọ ọwọ́ wà.

Ohun tí à ń pè ní inú wáyà nígbà náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, kò jìnnà sí wa. Àwọn ṣọ́jà ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, wọ́n wá kó àwọn ogúnléndé sínú rẹ̀: obìnrin, arúgbó, ọmọdé, àwọn Ìgbò tí wọ́n bá nínú igbó nígbà tí wọ́n ń lọ síwájú. Púpọ̀ nínú wọn, ìlú yìí kan náà ni wọ́n ń gbé kí ogun tó dé. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Wọ́n mọ ibi tí ẹja ti ń wọ́n àti ibi tí kò ti wọ́n, wọ́n mọ ilé tí omi máa ń yà wọ̀ lásìkò òjò. Síbẹ̀ wọn ò lè gba títì kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ báni fọṣọ ní kọ́tásì gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ṣọ́jà ẹnu géètì, kó sì padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ àwa ọmọdé ni pé ká má sún mọ́ wọn. Ẹnì kan ní a máa kó èéyi. Ẹlòmíràn ní tí wọ́n bá fọwọ́ kan aṣọ wa, ogun á tẹ̀lé wa délé. Àgbàlagbà ló ń sọ èyí o, kì í ṣe ọmọdé. Èmi náà gbà á gbọ́ bí gbogbo ọmọ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́.

Ohun tó wá mú wa sún mọ́ wọn, irun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó mọ oúnjẹ sè, ó mọ aṣọ rán, kò sí orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ irun rárá. Nígbà tí a wà ní Èkó, onídìrí ń gbé lójúlé kejì sí wa, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà tí a dé Pọtakọ́ọ̀tù tí kò sí onídìrí kankan ni àṣírí tú. Tó bá di Sátidé, á gbé mi sáàárín itan rẹ̀, á la irun, á tún un là, á kọrin, á bínú, nígbà tó bá sì parí, ìlà orí mi á rí bí ọ̀nà tí ẹni tó mu ẹmu yó gbà délé. Àwọn ìyá yòókù ní kọ́tásì ò sàn jù ú lọ. Ẹ̀ bá mà rí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ bá rò pé adìẹ ló tan ilẹ̀ lórí wa.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó ń yọ omi dáadáa, létí wáyà ló wà. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń pọnmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi dúró de omi, obìnrin kan sì wà nínú wáyà, ó ga, ó rù, ó ró ìró aláró kan tó ti ṣá. Ó ń wo orí mi. Ó wò ó títí, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó. Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Madam, abeg, who do dis pikin head like dis? Na war?"

Ó ń béèrè bóyá ogun ló jà lórí mi. Ìyá mi kọ́kọ́ fajú ro, ó wá bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́rọ́bá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Na me do am," ni ó dáhùn.

"Ha! Sorry o. Bring am come."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde láàárín wáyà. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Sájẹ́ǹtì tó ń ṣọ́ ẹnu géètì kọjú síbòmíràn. Ó bá tì mí jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń dúró kí èéyi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kò sí ohun tó yún mi. Ọwọ́ tútù kan ni mo rí lórí mi, tó ń tú gbogbo ohun tí ìyá mi fi odidi Sátidé dì, wéré wéré, bí ẹni ń yọ òwú lára aṣọ.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dirun: onídìrí á jókòó sórí àpótí, ọmọ á jókòó sáàárín itan rẹ̀, onídìrí á máa yí orí náà bó ṣe wù ú. Wáyà ò gbà wá láyè ìyẹn. Mo jókòó síta, mo kẹ̀yìn sí wáyà, òun náà jókòó sínú. Ọwọ́ rẹ̀ dé ìpàkọ́ mi, ó dé àárín orí, kò dé iwájú. Nítorí náà ìpàkọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa dì í bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá kan iwájú orí, á ní kí n yí padà, kí n kọjú sí òun, kí n tẹríba bí ẹni ń gbàdúrà, imú mi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. Bó bá fa irun le jù tí mo ké, á ní, "Ndo, ndo." Pẹ̀lẹ́ ni lédè wọn. Irun tí wọ́n bá dì láti ìpàkọ́ wá síwájú bẹ́ẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ là ń pè é, òun nìkan ni wáyà gbà. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọbìnrin kọ́tásì fi gbé ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà rẹ̀ tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìyàwó olùṣọ́ àgùntàn wò wá lọ wò wá bọ̀, ó ní, "Ẹ wo gbogbo wọn bí ọmọ ìyá kan náà!"

Gàrí, iyọ̀ àti edé ni àwọn ìyá wa fi ń san owó irun. Obìnrin náà kì í dá a jẹ, a máa ń rí i tó ń pín in.

Èdèkòyédè kan tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi máa ń ní kí n ṣa gbogbo irun tó bá já sílẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí n dì í sínú ewé wálé, torí ní ilé wa wọn kì í fi irun ọmọ sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà rí mi tí mo ń ṣa á, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò pé àwa náà ń bẹ̀rù wọn, pé a ò fẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ́ tiwa kù sọ́wọ́ àwọn ará inú wáyà. Ìyá mi ló fura, tó ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà bá fọwọ́ lu itan, ó ní ìyá tòun náà kì í jẹ́ kí irun òun kù síta. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa á, tó ń dì í sínú ewé fún mi.

Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi jókòó tì wá, ó bi í léèrè ibi tí àwọn ṣọ́jà ti mú un. Obìnrin náà ní ẹnikẹ́ni ò mú òun. Òun fúnra òun ni òun rìn wá, tí òun ní kí wọ́n ṣí géètì fún òun.

Ìyá mi rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Obìnrin náà bá rọra sọ ọ́ fún wa, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí mi. Ọjà Dióbù ló ti ń dirun kí ogun tó dé, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, obìnrin, ó fi díẹ̀ jù mí lọ. Nígbà tí ogun ń bọ̀, ó ti sọ fún ọmọ náà pé, "Bí a bá sọ ara wa nù, má wá mi kiri. Padà sí Pọtakọ́ọ̀tù. Béèrè onídìrí. Mo máa wà níbẹ̀." Ọjọ́ tí gbogbo ìlú sá, èrò tó wà lójú ọ̀nà já ọwọ́ ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá a títí nínú igbó, láti abúlé dé abúlé. Ó wá rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó yí padà, ó forí lé ìlú tí gbogbo èèyàn rẹ̀ ń sá kúrò. Nígbà náà, Ìgbò ò lè wà ní Pọtakọ́ọ̀tù àfi tó bá wà nínú wáyà. Ó bá wọ inú wáyà.

Ìyá mi ò kọrin délé lọ́jọ́ náà.

Òjò dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ń bọ̀, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ku ọjọ́ díẹ̀. Àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ṣọ́jà tó ń ṣe àbójútó inú wáyà: gbogbo wọn pátá ni mọ́tò máa kó lọ sí ẹ̀yìn Odò Ímò, níbi tí wọ́n ti pa àgọ́ ńlá kan, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló sì máa sìn wọ́n débẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mọ́tò ń bọ̀. Tó bá ti kọjá Fúráìdé, kò sí ẹni tó tún máa jáde fọṣọ.

Létí ẹ̀rọ omi ni obìnrin náà ti sọ fún ìyá mi. Kò sunkún. Ohun tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ:

"Madam, if my pikin come, who she go ask?"

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún bàbá mi bó ṣe ń jẹun. Bàbá mi ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má kó mi sí wàhálà. Ọ̀gá ṣọ́jà kì í ṣe ọ̀gá mi, èmi náà ò sì ṣe ọ̀gá rẹ̀." Ìyá mi kàn ń bu ọbẹ̀ sí i. Bàbá mi ò jẹun náà tán. Ó dìde, ó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó lọ bẹ ọ̀gá ṣọ́jà pé kí obìnrin kan ṣoṣo kù, kó máa ṣiṣẹ́ nílé òun. Nígbà tó padà dé, ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì.

"Wọ́n ní gbogbo wọn ni. Kò sí ti ẹnì kan." Ó wo ìyá mi dáadáa, torí ó mọ ìwà rẹ̀. "Ẹ má fi ẹnikẹ́ni pamọ́ sínú ilé yìí o. Wọ́n máa tú u ni."

"Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni pamọ́," ni ìyá mi wí.

Òótọ́ ló sọ. Kò fi ẹnikẹ́ni pamọ́.

Láàárọ̀ Fúráìdé ó lọ bá sájẹ́ǹtì ní ẹnu géètì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni sájẹ́ǹtì náà, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni òun. Ìyá mi ní ìkórè ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé orí àwọn ọmọ ò dára, kó jẹ́ kí onídìrí wá sí kọ́tásì fún ọjọ́ kan yìí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí oòrùn tó wọ̀ o."

"Àbúrò mi, ṣé mo ti purọ́ fún ọ rí?"

Lọ́jọ́ náà ni a kọ́kọ́ rí onídìrí wa tó jókòó sórí àpótí, ní fàráńdà wa, ní gbangba tí gbogbo kọ́tásì ti lè rí i. Ó gbé ọmọ àkọ́kọ́ sáàárín itan rẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ yí orí bó ṣe wù ú. Ẹ wá wo irun! Ṣùkú ni ó dì fún wa, gbogbo ìlà ń sáré lọ sókè orí bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu lọ. Bí ọmọ kan ṣe ń dìde ni òmíràn ń jókòó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi tí mo nilé, ìyá mi ò jẹ́ kó kàn mí. "Lọ bu omi wá. Lọ wo iná. Jẹ́ kí àwọn àlejò ṣe tiwọn ná." Oòrùn ti pọ́n kí ó tó ní kí n lọ jókòó.

Ọ̀tún orí mi ti tán, òsì dúró ṣúṣú bí igbó, ni sájẹ́ǹtì yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó àkókò."

Ìyá mi di àgbọ̀n mi mú, ó yí ẹ̀gbẹ́ òsì sí i. "Ṣé bí ẹ ṣe máa mú un lọ nìyí? Ẹ wo ọmọ èèyàn."

Sájẹ́ǹtì wò mí. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rín ẹ̀rín, ó pa á dé. "Ẹ wá ẹlòmíràn kó bá yín parí ẹ̀."

"Kí ọwọ́ kejì bọ irun tí ọwọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀? Kí orí máa fọ́ ọmọ mi? Ní Ìsẹ́yìn yín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Sájẹ́ǹtì ní, "Ó yá, kó dì í báyìí. Mo ń dúró."

"Oòrùn ti wọ̀, àbúrò mi. Ṣé inú òkùnkùn la ó ti dirun fọ́mọ?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí di ọ̀gànjọ́ lábẹ́ iná. Nígbà tiwa, ọmọ Yorùbá tí ìyá tọ́ kì í fi orí ọmọ obìnrin ṣeré, kì í sì í dirun tílẹ̀ bá ti ṣú. Sájẹ́ǹtì ní ìbọn, ó ní àṣẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó họrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣeun o. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti dé."

Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àlejò lórí ẹní ní fàráńdà, ó rí ọmọ rẹ̀ tí orí rẹ̀ pín sí méjì. Ó kí i, ó wọlé, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi pamọ́.

Àárọ̀ Sátidé, ariwo mọ́tò ló jí wa. Bí mo ṣe ń jókòó sáàárín itan onídìrí ni sájẹ́ǹtì dé, ó jókòó sórí ògiri fàráńdà, ó gbé ìbọn sáàárín eékún. Àwọn ìyá kọ́tásì ti pé síbẹ̀, oníkálukú ní kì í ṣe nǹkan kan, òun kàn ní kóun wá kí wa ni.

Ẹ má gbàgbé pé onídìrí ò mọ ohun tó wà nínú ìyá mi. Ìyá mi ò lè sọ ọ́, ojú sájẹ́ǹtì ń wò wọ́n. Ní tirẹ̀, ó ti gbà pé òun ń lọ, ó sì fẹ́ kí irun tí òun máa dì kẹ́yìn dára ju gbogbo èyí tí òun ti dì lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí mi. Ìyá mi sáré jáde látinú ilé ìdáná.

"Dúró! Dat line bend."

"Which line, madam?"

"Dat one."

"Dis one? Dis one wey straight pass railway?"

"E bend. Loose am."

Gbogbo fàráńdà mọ irú irun tí ọwọ́ ìyá mi ń dì. Àwọn ìyá kan gbé ojú sí ilẹ̀, èjìká wọn ń mì. Onídìrí pòṣé, ó tú u. Ó tún un dì. Ìyá mi tún dé, ó ní àárín ìlà kan fẹ̀ jù. Ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ òòyà sílẹ̀.

"Madam, as I dey go so, na insult you wan take escort me?"

Omi lé sí i lójú. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ wo orí mi dáadáa, ó sì wo ojú obìnrin náà, lórí mi níbẹ̀, ojú kan ṣoṣo, kò ṣẹ́jú. Onídìrí wò ó. Ó gbójú sókè wo ibi tí ariwo mọ́tò ti ń wá. Ó wo sájẹ́ǹtì. Ó wá rọra mú òòyà nílẹ̀.

"True, madam," ni ó wí. "E bend."

Ó sì tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì náà palẹ̀, àti èyí tó dára àti èyí tí wọ́n ní kò dára. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó la irun, ó wò ó, ó mi orí, ó tún un là. Orí ń ro mí, mo ti fẹ́ máa sunkún. Ìyá mi fi dòdò dí mi lẹ́nu, ó sì gbé àwo tirẹ̀ fún sájẹ́ǹtì.

Ṣọ́jà kékeré kan sáré dé. "Sájẹ́ǹtì, ọ̀gá ní ṣé gbogbo wọn ti pé?"

Ọwọ́ onídìrí dúró nínú irun mi. Sájẹ́ǹtì wo orí mi, ó wò ó pẹ́.

"Sọ fún ọ̀gá pé ó ku ẹnì kan," ni ó wí. "Iṣẹ́ kọ́tásì ló ń ṣe lọ́wọ́, kò tíì parí. Bí wọ́n bá lè dúró, mò ń mú un bọ̀."

Ṣọ́jà náà lọ. A ń retí. Fèrè mọ́tò dún, ó tún dún. Ẹ wò ó, ọ̀nà jìn, afárá odò sì ní àkókò tí wọ́n ń ṣí i fún ọkọ̀, ọ̀gá ńlá wo ló máa dá gbogbo mọ́tò dúró de obìnrin kan tó ń dirun? A gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ké, tí ó ń lọ, tí ó ń lọ, títí tí eruku rẹ̀ fi bá afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Sájẹ́ǹtì dúró kí eruku rọlẹ̀. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú dòdò kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí fún ìyá mi, "ẹ lè jẹ́ kó parí irun ọmọ náà báyìí. Orí ń dùn ún."

Ó sì lọ. Kí ó tó dé ẹnu géètì, irun mi ti tán.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n kò dùn tán. Àwọn yòókù tó lọ, àwọn náà lè ní ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Onídìrí lọ sí ilé ìwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó gbá gbogbo yàrá tó ṣófo. Ó ń sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀ bó ṣe ń gbálẹ̀. A ò bi í ní ohun tó ń sọ. Ilé wa ló sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí ogun fi parí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni rédíò sọ pé ogun ti parí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan jókòó sórí ẹrù nínú mọ́tò. Wọ́n ń fi ẹ̀rù rìn, wọ́n ń wò wá bóyá a máa lé wọn. Àwọn ẹlòmíràn lé wọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bu omi fún wọn, fàráńdà wa sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń sinmi.

Ní ọ̀sán kan, mo wà létí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi nígbà tí ọmọbìnrin kan dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti fá orí rẹ̀ kodoro. Kò wo ojú wa. Orí wa ló ń wò, láti orí dé orí. Ó ní ta ló dirun fún wa. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ dá a lóhùn, èmi ti di ọwọ́ ọmọ náà mú, a ń sáré.

Onídìrí wà ní fàráńdà, ọmọ ìyàwó ọlọ́pàá kan wà láàárín itan rẹ̀. Ó gbójú sókè. Kò pariwo. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, ó dìde. Ìyá ọmọ náà ló ń sunkún jù nínú gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó rántí irun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ọwọ́ obìnrin yẹn lórí ọmọ rẹ̀. Ó ń wá irun tí yóò dì mú, kò rí. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ń sọ pé, "Ndo, ndo." Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ọmọ náà á jókòó, ìyá rẹ̀ á fi àdí kùn ún lórí, á gbé orí rẹ̀ síbi iná àtùpà wò bóyá irun ti hù. Ọjọ́ tí irun náà gùn tó ohun tí ìka lè mú, gbogbo kọ́tásì ló wá wòran. Irun náà kúrú, ó ń yọ jáde bó ṣe ń dì í. Ó tún un dì, ó tún yọ, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní ìlà rẹ̀ wọ́. Ẹ̀ bá gbọ́ ẹ̀rín lọ́jọ́ náà!

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta irun báyìí, ẹ lè ra ti àwọ̀ tó bá wù yín. Ìgbò, Yorùbá, Ìkwéré, Kàlàbárì ń gbé ojúlé kan náà ní Pọtakọ́ọ̀tù, ọmọ wọn ń fi Pidgin bú ara wọn, wọ́n ń fi í bẹ ara wọn. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Àwọn kan ṣì ń gbé létí omi níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń kìlọ̀ fọ́mọ wọn pé kí wọ́n má sún mọ́. Kò sí wáyà níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ṣe wáyà. Ṣùgbọ́n mo ti rí wáyà gidi tó ká kúrò nílẹ̀, mo mọ̀ pé ti ẹnu náà lè ká.

Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo wá ojú ibẹ̀ títí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòjò. Mo bi í ní ibi tí wáyà wà nígbà kan. Ó ní, "Mama, which wire? Na road dey here since." Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ fún mi, ó bi mí ta ni mo ń wá.

Mo ní mi ò wá ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Ẹni tí à ń retí níbí ti dé tipẹ́.